A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ọ̀rọ̀ Wa Lórí Àtẹ àti Pálẹ́ẹ̀tì Oníke

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí ojú ìwé yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹni tí kò gbé ẹrù rí. Ọ̀rọ̀ àtẹ ni. Ọ̀rọ̀ pálẹ́ẹ̀tì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé àtẹ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ mọ̀ pé kò sí ohun kékeré nínú ohun tí ènìyàn ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbé lójoojúmọ́.

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ti ń pa àpótí onípákó àti páálí tì, tí wọ́n ń fi àtẹ oníke àti pálẹ́ẹ̀tì oníke rọ́pò wọn láti máa kó ẹ̀yà ẹ̀rọ àti ẹ̀yà ọkọ̀ láti ibi kan dé ibi kejì. Bí wọ́n ti ń ṣe é ló ń dùn wá. Ẹnjiníà yóò ya àwòrán rẹ̀ nínú ọ́fíìsì, ọ̀gá tó ń ra ọjà yóò buwọ́ lù ú, àwọn tó ń rọ ike yóò gé irin mọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà ni lọ́rì yóò kó ẹgbẹ̀rún àtẹ dé ẹnu ọ̀nà wa. Ọjọ́ náà ni àwa tí a ó máa gbé e ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ojú kàn án. Àwọn baba wa ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Orí tí wọ́n ń fá yìí, tiwa ni.

A kò kọ ike

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń bá ọ̀làjú jà. A mọ ohun tí ojú wa rí lọ́wọ́ àpótí onípákó. Ìṣó ti gún wa lọ́wọ́, ẹ̀gún igi ti wọ̀ wá lábẹ́ èékánná. Páálí tí òjò bá pa, ìdí rẹ̀ a já, gbogbo bóòtù àti nọ́ọ̀tì inú rẹ̀ a dà sílẹ̀, àwa náà ni a ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣà wọ́n. Pálẹ́ẹ̀tì onípákó tí wọ́n ń lò jù ní ilẹ̀ Yúróòpù, tó jẹ́ sẹ̀ntímítà 120 ní gígùn àti 80 ní ìbú, wúwo tó kílò 25 kí ẹrù kankan tó gun orí rẹ̀. Bí ó bá mu omi, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìlànà àgbáyé pẹ̀lú ti mú kí àwọn oníṣòwò fẹ́ràn ike. Ní 2002, wọ́n ṣe ìlànà kan tí à ń pè ní ISPM 15. Ó sọ pé pákó tí a bá fi di ẹrù tó ń kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn gbọ́dọ̀ gba ooru títí àárín inú rẹ̀ yóò fi gbóná dé ìwọ̀n 56 ti Celsius fún odidi ìṣẹ́jú 30, tàbí kí wọ́n fi oògùn pa kòkòrò inú rẹ̀, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i lára. Kòkòrò kì í gbé inú ike, nítorí náà ìlànà yìí kò kàn án. Ike ṣeé fọ̀, kì í mu omi, kò ní ìṣó, ó sì lè lọ kí ó padà bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ike kọ́ ni ọ̀tá wa. Ohun tí a ń bá wí ni ike tí wọ́n rọ láì bi ẹni tí yóò gbé e léèrè.

Bí àtẹ dáradára ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé bí nǹkan yìí ti rí, nítorí ẹni tí kò mọ ohun tó yẹ kò lè bèèrè fún un.

Àtẹ, pálẹ́ẹ̀tì àti ọkọ̀ gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu bí ọmọrí ti í bá ìkòkò mu. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò káàkiri fún àtẹ ni sẹ̀ntímítà 60 sí 40, àti ìdajì rẹ̀, 40 sí 30. Bí a bá to ti 60 sí 40 sórí pálẹ́ẹ̀tì 120 sí 80, mẹ́rin ni yóò bo orí rẹ̀ géérégé. Lórí pálẹ́ẹ̀tì 120 sí 100, márùn-ún ni. Kò ní sí àlàfo, kò sì ní sí èyí tí yóò yọ ìdí síta. Àtẹ tó bá yọ ìdí síta ni ìdí rẹ̀ máa ń já, òun náà ni í sì í fa àwọn yòókù ṣubú. Ẹni tó bá ya àtẹ tí kò bá ìwọ̀n pálẹ́ẹ̀tì mu, àwa ni a ó máa fi okùn àti páálí àlòkù dí àlàfo tó fi sílẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni àtẹ ń gbà gun ara wọn. Èkíní ni títò. Ẹsẹ̀ ti òkè a jókòó sínú ètè ti ìsàlẹ̀, ìwúwo a sì gba igun àti ògiri àtẹ sọ̀kalẹ̀ títí dé orí pálẹ́ẹ̀tì. Ẹrù tó wà nínú àtẹ kò gbọ́dọ̀ ru nǹkan kan nínú ìwúwo yìí. Èkejì ni pé kí àwọn tó ṣófo máa wọ inú ara wọn bí abọ́. Irú kan wà tó jẹ́ pé bí a bá gbé e báyìí, ó ń tò. Bí a bá yí iwájú rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń wọ inú ìkejì rẹ̀. Ẹ̀yin dírẹ́bà, ọ̀rọ̀ yín nìyí, nítorí àtẹ òfìfo tí kò lè wọ inú ara wọn, atẹ́gùn lásán ni ẹ ń fi lọ́rì kó bọ̀ láti Ìbàdàn sí Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n bí àmì iwájú àti ẹ̀yìn kò bá hàn ketekete, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru yóò gbé àtẹ tó kún lé òmíràn lódì, ti òkè yóò sì jìn sínú ti ìsàlẹ̀ lórí ẹrù àti lórí ìka. Oògùn rẹ̀ kò le: kí wọ́n fi àwọ̀ ọ̀tọ̀ sí orí kan àtẹ náà. Ojú tó ti rẹ̀ yóò rí i.

Ohun tí ẹ̀yìn ọmọ ènìyàn lè gbé

Ní 1967, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, ṣe Àdéhùn 127 lórí ìwúwo ẹrù tí ẹnì kan lè fi ara gbé. Ìmọ̀ràn tó bá Àdéhùn náà rìn sọ pé níbi tí wọ́n bá ti ń jẹ́ kí ọkùnrin tó ti dàgbà gbé ju kílò 55 lọ, kí wọ́n tètè dín in kù. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50, nítorí náà ẹ̀yin náà mọ ohun tí 55 jẹ́ lọ́rùn ènìyàn.

Ìmọ̀ ti kúrò níbẹ̀ láti ìgbà náà. Ní 1991, NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́, gbé ìṣirò kan jáde. Wọ́n ní bí ohun gbogbo bá dára, tí ẹrù súnmọ́ ara, tí ọwọ́ wà ní nǹkan bí ìbàdí, tí a kò lọ́ ara, tí a kò gbé e léraléra, tí ọwọ́ sì rí ibi tó dára dì mú, kílò 23 ni kí ènìyàn gbé mọ. Bí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí bá ti yingin, kílò náà ń dín kù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwòrán àtẹ gan-an nìyí. Bí àtẹ tí a gbé mọ́ra bá gùn ní sẹ̀ntímítà 40 láti ikùn wa síwájú, kílò 23 yẹn ti di nǹkan bí 14. Bí ó bá gùn ní 60 síwájú, ó di nǹkan bí 11 àti ààbọ̀. Ẹ wo àtẹ 60 sí 40 kan náà. Bí wọ́n bá fi ibi ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú méjèèjì, 40 ni yóò wà níwájú wa. Bí wọ́n bá fi í sí ẹ̀gbẹ́ gígùn, 60 ni. Nǹkan bí kílò mẹ́ta ló wà láàárín méjèèjì. Lórí bébà ẹnjiníà, ìlà kan péré ni. Lára ẹni tó ń gbé irínwó àtẹ lóòjọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni.

Ìṣirò náà kò tán síbẹ̀. Bí ibi ìdìmú kò bá dára, wọ́n ní kí a tún yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ọwọ́ ti ń gbé e, kí a yọ ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Wọ́n ní ibi ìdìmú tó dára yẹ kí ó gùn tó sẹ̀ntímítà 11 àti ààbọ̀, kí àyè tí ìka yóò wọ̀ sì tó sẹ̀ntímítà 5. Ẹ fi rúlà wọn àwọn èyí tó wà lọ́dọ̀ yín, kí ẹ wá gbé ìbọ̀wọ́ wọ̀, kí ẹ tún un wò.

Ohun tí ojú wa rí

Ní ilé-iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ, níbi tí àwọn kan nínú wa ti ṣiṣẹ́, wọ́n gbé irú àtẹ bẹ́ẹ̀ dé. Ó dùn-ún wò. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ to mẹ́ta lé ara wọn níwájú àlejò, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Òfìfo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò pẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí a fi rí i pé ihò ìdìmú rẹ̀ wà ní ibi tí ẹsẹ̀ àtẹ òkè ń bò mọ́lẹ̀. Bí a bá ti tò wọ́n, ọwọ́ kò lè wọlé mọ́. Orí ìka ni a fi ń wá ètè àtẹ, tí a ó fi rọra yọ ọ́ sókè kí a tó lè gbá a mú. Ní òru ọjọ́ kan, àtẹ yọ̀ nítorí òróró tó wà lára rẹ̀, ó sì ká ìka ẹlẹgbẹ́ wa kan mọ́ àárín. Èékánná méjì ló bọ́, ó sì pẹ́ kí ọwọ́ náà tó ṣeé lò.

A lọ bá mánéjà. Òun náà wò ó, ó sì gbà pé òótọ́ ni a wí. Ṣùgbọ́n ó ní mọ́ọ̀dù ti di gígé, owó rẹ̀ ti jáde, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Ó ní kí a máa ṣọ́ra.

Ẹ̀yin ará, nínú ìdáhùn yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa wà. Irin líle ni mọ́ọ̀dù. Owó gọbọi ni wọ́n fi ń gé e, ó sì lè fi ọ̀pọ̀ ọdún máa bí ọmọ tó jọra. Bí wọ́n bá fi ihò sí ibi tí kò yẹ lára irin náà, gbogbo àtẹ tí yóò ti inú rẹ̀ jáde ni yóò gbé àbùkù kan náà wá sáyé. Àwọn ọ̀gá ní nítorí pé owó mọ́ọ̀dù pọ̀ ni wọn kò fi lè tún un ṣe. Àwa ní nítorí pé owó rẹ̀ pọ̀ gan-an ló fi yẹ kí wọ́n bi wá kí wọ́n tó gé e. Igi gánńgánrán má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Wọ́n lè ní iṣẹ́ ẹnjiníà ni, kì í ṣe iṣẹ́ alábàárù. A kò bá ẹnjiníà du iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló mọ bí ike ṣe nípọn tó, òun ló mọ ibi tí egungun abẹ́ àtẹ yóò gbà tí kò fi ní tẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa la mọ̀ pé ilẹ̀ sítọ̀ kò tẹ́jú, pé òróró ń kán sára ẹrù, pé alẹ́ ni lọ́rì máa ń dé, pé iná a sì máa lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Kí wọ́n fi pákó ṣe àpẹẹrẹ kan péré, kí wọ́n kó irú ẹrù tí a ń kó gan-an sínú rẹ̀, kí wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí a ó bá sọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà kò ní ná wọn tó owó mọ́ọ̀dù kan.

Ti ojú títì àti ti sítọ̀

Pálẹ́ẹ̀tì oníke ní ìwọ̀n ẹrù mẹ́ta, kì í ṣe ọ̀kan. Èkíní ni èyí tó lè gbé bí ó bá jókòó jẹ́ẹ́ lórí ilẹ̀. Èkejì ni èyí tó lè gbé nígbà tí fọ́kílíìfù bá gbé e rìn. Ẹ̀kẹta ni èyí tó lè gbé lórí àgbékà sítọ̀, níbi tó jẹ́ pé etí rẹ̀ nìkan ló fara ti irin. Ti ilẹ̀ ló máa ń pọ̀ jù, ti àgbékà ló máa ń kéré jù. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo gàdàgbà, ẹ bi í pé èwo ni. Ike tún ní ìwà kan: bí ó bá ru ẹrù pẹ́, yóò máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ooru sì ń mú kí ó tètè tẹ̀. Ẹ sì mọ bí abẹ́ páànù ṣe ń gbóná lọ́sàn-án.

Ike ń yọ̀ lórí irin fọ́kílíìfù, ó ń yọ̀ lórí ike ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pàápàá bí ó bá tutù. Nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ ṣe ń fi rọ́bà tó ń dì mọ́ nǹkan sí abẹ́ àti orí pálẹ́ẹ̀tì. Oòrùn náà ń jẹ ike títí yóò fi máa fọ́ bí akèrègbè gbígbẹ, àyàfi bí wọ́n bá po ẹ̀lú tó ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn mọ́ ọn, irú èyí tó máa ń mú un dúdú. Dírẹ́bà tó ń kó àtẹ tí oòrùn ti jẹ gba ojú ọ̀nà tó kún fún kòtò, wàhálà ló rù.

A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé iná. Bí ike tí wọ́n fi ń ṣe nǹkan wọ̀nyí bá gbiná, ooru rẹ̀ ju ti pákó lọ, ó ń yọ́, ó sì ń kán. Àtẹ òfìfo tí wọ́n tò dí ilẹ̀kùn àbájáde, ikú ni wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà.

Owó àtẹ tó sọnù

Àtẹ tó ń lọ tó ń bọ̀ ń dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n kó igba jáde, àádọ́sàn-án padà. Ta ni yóò san owó ọgbọ̀n tó kù? Ní ọ̀pọ̀ ibi, orí dírẹ́bà àti mọ́tò-bọ́ì ni wọ́n ń gbé e kà, wọn a sì yọ ọ́ nínú owó oṣù láì bi ẹnikẹ́ni. Ẹ gbọ́ ohun tí Òfin Iṣẹ́ ti 1974 sọ ní abala 5: agbanisíṣẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ owó ìtanràn nínú owó òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tí ó fi àìbìkítà sọ ọ́ nù, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kí ó tó yọ iye tó bá ìwọ̀n mu. Níbi tí kò bá sí ìwé àṣẹ, kò sí yíyọ. Bí wọ́n bá yọ tiyín, ẹ mú ìwé owó oṣù yín tọ akọ̀wé ẹ̀ka wá.

Ẹni tó bá sì farapa nídìí ẹrù, kí ó má ṣe fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ kí ó dákẹ́. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́, tí wọ́n ṣe ní 2010, fún un ní ọjọ́ 14 láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí, ó sì fún agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó ìjọba létí. Ẹ̀yìn ríro náà jẹ́ ìfarapa.

Ọ̀rọ̀ sí ara wa

Òótọ́ kì í ṣe ti ẹnì kan. Àwa náà ń jẹ̀bi. Àwọn kan nínú wa ń fi àtẹ ṣe àpótí ìjókòó, àwọn kan ń gun orí rẹ̀ láti mú nǹkan lókè, àwọn kan ń gbé e lọ sílé láti fi ṣe ohun ìkó-nǹkan-sí. Àtẹ tí ètè rẹ̀ ti kán, a mọ̀ pé ó ti kán, a tún gbé ẹrù lé e. Ẹni tó gbé àtẹ kíkán sí ìdí ìtò, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló dẹ pàkúté sílẹ̀ fún. Bí a bá fẹ́ kí ọ̀gá gbọ́ tiwa lórí àwòrán àtẹ, ó yẹ kí a fi hàn pé a mọ iyì àtẹ.

Ohun tí a ń bèèrè

Èkíní, kí wọ́n má ṣe gé mọ́ọ̀dù àtẹ tàbí pálẹ́ẹ̀tì kankan kí àwọn tí yóò gbé e tó fi àpẹẹrẹ rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, lọ́sàn-án àti lóru.

Èkejì, kí ibi ìdìmú wà ní ẹ̀gbẹ́ kúkúrú méjèèjì, kí ó gba ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́, kí ó sì wà ní gbangba nígbà tí wọ́n bá to àtẹ náà.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n rọ ìwúwo tí kò yẹ kí ẹrù kọjá mọ́ ara àtẹ, kí wọ́n sì rọ ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ara pálẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú àwòrán tí ẹni tí kò kàwé yóò mọ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọ̀ fi iwájú àti ẹ̀yìn àtẹ hàn, kí ibì kan sì wà tí a ó máa kó èyí tó bá ti kán sí láìsí ìbínú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀karùn-ún, kí àtẹ òfìfo jìnnà sí ilẹ̀kùn àbájáde, kí yíyọ owó àtẹ nínú owó oṣù láìsí ìwé àṣẹ sì dópin.

Kò sí èyí tó ju agbára ilé-iṣẹ́ lọ nínú márààrún. Ẹ ka ojú ìwé yìí fún ẹni tí kò lè kà á. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ń ya àwòrán àtẹ tuntun níbi iṣẹ́ yín, ẹ sáré sọ fún aṣojú yín kí irin tó di gígé. Lẹ́yìn tí irin bá ti di gígé, ìṣọ́ra nìkan ni wọn yóò fún wa, ìṣọ́ra kò sì wo ẹ̀yìn tó ti kán san. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí gbogbo wa máa lọ síbi iṣẹ́ ní pípé, kí a sì máa bọ̀ ní pípé.